Ìtàn Ojoojúmọ́ àti Èdè Ìgboro Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Lámèyítọ́ lórí Iṣẹ́ Grose, Hone àti Chambers

Ó tó ọdún méjì tí a fi ń kọ nǹkan méjì láràárọ̀ sí ojú pátákó tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa. Èkíní ni ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Èkejì ni ọ̀rọ̀ kan láti inú èdè ìgboro àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí àwa olùkọ́ Yorùbá yóò sì wá ìtumọ̀ sí ní èdè wa. Inú ìwé pélébé kan ni a ti ń ṣà wọ́n kọ. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, inú tiwa náà sì ń dùn sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ tí ó kàn ni “hempen widow”, a sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ pé: opó ẹni tí ìjọba fi okùn so rọ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tú ká, ọmọbìnrin kan wá bá wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, opó ta ni?”

A kò rí èsì fọ̀. A ní kí ó máa lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ni ó lé wa padà sí orí àwọn ìwé tí irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ti ń ṣà jẹ. Mẹ́ta ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín: A Classical Dictionary of the Vulgar Tongue tí Francis Grose tẹ̀ jáde ní 1785, The Every-Day Book tí William Hone bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní 1825, àti The Book of Days tí Robert Chambers parí ní 1864. Ohun tí a fẹ́ fi han àwọn akẹgbẹ́ wa ni pé níbi tí àwọn ìwé wọ̀nyí ti dára, wọn kò ya ọjọ́ kúrò lára ẹni tí ó ni ín, wọn kò sì ya ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti yà á ni iṣẹ́ wọn ti kù díẹ̀ káàtó. Àwa tí a ń ṣà á kọ lẹ́yìn wọn, yíyà ni tiwa látòkè délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lórí Grose. Ní nǹkan bí 1731 ni a bí i, ó sì kú sí ìlú Dublin ní 1791. Kì í ṣe ọmọ ìta rárá. Ó ti ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun agbègbè Surrey, ohun tí àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ nígbà ayé rẹ̀ ni àwọn ìwé ńláńlá tí ó kọ lórí àwókù ilé olódi àti ilé ìsìn àtijọ́. Òun náà ni Robert Burns, akéwì ilẹ̀ Scotland, kọ ewì rẹ̀ tí ń jẹ́ Tam o’ Shanter fún, kí ó lè fi í sínú ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ Scotland. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé òun àti ìránṣẹ́ rẹ̀ a máa jáde lóru, wọn a lọ sí ilé ọtí àti kọ̀rọ̀ ìlú London láti gbọ́ bí àwọn mẹ̀kúnnù ṣe ń sọ̀rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó sọ àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ náà: ọmọ ogun tí ń rin ìrìn àjò jíjìn, atukọ̀ tí ń fa ìdákọ̀ró, obìnrin tí ń ta ẹja, àti èrò inú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí Gravesend.

Kí a tó lè mọ ìwúlò èyí, ó yẹ kí a rántí pé ọgbọ̀n ọdún péré ni ó wà láàrin ìwé yìí àti ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tí Samuel Johnson tẹ̀ jáde ní 1755. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó lórúkọ ni Johnson fi ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́ja ni Grose fi ṣe tirẹ̀. Bí ó ti pè wọ́n lẹ́rìí yẹn, ó gbà pé wọ́n ní èdè tí ó tó kọ sílẹ̀. Lára ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé tíì ni “scandal broth”, èyí tí a lè pè ní omi ọbẹ̀ òfófó. Pé ikùn ni “bread basket”, agbọ̀n búrẹ́dì. Àti pé pósí ni “eternity box”, àpótí àìnípẹ̀kun. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe àpèjúwe ní èdè Yorùbá kò ní ṣàì rí i pé ọgbọ́n àtinúdá gidi ni èyí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ni Grose fi etí ara rẹ̀ gbọ́, ibẹ̀ sì ni a ti ní ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ wo “darkmans” tí ó túmọ̀ sí òru, àti “lightmans” tí ó túmọ̀ sí ọ̀sán. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú ìwé Grose. Wọ́n sì ti wà nínú ìwé tí Thomas Harman tẹ̀ jáde ní 1567, ìyẹn ní igba ọdún ó lé ṣáájú Grose. Ọlọ́lá ni Harman ní agbègbè Kent. Àwọn alárìnkiri tí ń ṣagbe ni ó ń dá dúró, tí ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, kí ó lè tú àṣírí ẹnà wọn fún àwọn aláṣẹ. Láti ọwọ́ Harman ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń lọ láti inú ìwé kan sí òmíràn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Grose. Ta wá ni ń sọ “darkmans” ní London ní 1785? Grose kò sọ fún wa. Ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lánàá àti ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ó ti kú láyé bàbá ńlá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ó tò wọ́n sí. Olùkọ́ tí ó bá sì wá sọ fún ọmọ pé bí àwọn ará London ṣe ń sọ̀rọ̀ ní 1785 nìyí ti sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀. Ẹ̀dà ìwé Grose tí àwọn aṣàkọ fẹ́ràn jù ni èyí tí ó jáde ní 1811, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Lexicon Balatronicum. Ogún ọdún ni Grose ti kú nígbà náà. Àwọn mìíràn ni ó fi ọ̀rọ̀ kún un, síbẹ̀ orúkọ Grose ni wọ́n ń fi pe gbogbo rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ṣe irú èyí fún ewì Ṣóbọ̀ Aróbíodu, a ó fagi lé e.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sọ́dọ̀ opó wa. “Hemp” ni irúgbìn tí wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ lọ́ okùn, okùn yìí sì ni tẹ̀tú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń so ènìyàn rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní London ni Tyburn, títí di 1783, kí wọ́n tó gbé e lọ sí iwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate. Gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó sì máa ń lọ wò ó. Nítorí pé Tyburn kò jìnnà sí Paddington, ọjọ́ ọjà Paddington ni wọ́n ń pe ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ so ènìyàn rọ̀. Ẹni tí wọ́n sì so rọ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó jó ijó Paddington. Gbogbo èyí wà nínú Grose. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ohun tí ó lè mú ènìyàn dé ìdí igi náà. Láti 1699, bí ènìyàn bá jí ọjà tí ó tó ṣílè márùn-ún nínú ṣọ́ọ̀bù, òfin lè ní kí ó kú. Títí di 1808, ẹni tí ó bá yọ ohun tí ó ju ṣílè kan lọ nínú àpò ẹlòmíràn láìjẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀ wà nínú ewu kan náà. Lóòótọ́, a máa ń dárí ji ọ̀pọ̀ nínú wọn, a sì máa ń kó àwọn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà, àti sí Australia láti 1787. Ṣùgbọ́n okùn wà níbẹ̀ fún gbogbo wọn.

Bí a bá mọ èyí, a ó rí i pé ẹni tí ó sọ “hempen widow” kò jókòó sí òkèèrè. Ó lè jẹ́ aládùúgbò obìnrin náà. Ó lè jẹ́ olè ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀, tí ó mọ̀ pé ìyàwó tòun lè jẹ́ orúkọ náà ní ọ̀la. Ó lè jẹ́ opó náà fúnra rẹ̀ ni ó fi ń pe ara rẹ̀. Ẹ̀rín ẹni tí ikú ń ṣọ́ ni. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ wa rín nínú gbọ̀ngàn kì í ṣe irú rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn: àwa ni a yọ okùn, ṣílè márùn-ún àti Tyburn kúrò, tí a fi ọ̀rọ̀ méjì péré lé wọn lọ́wọ́.

Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ó kan olùkọ́ pẹ̀lú èdè olè. Èsì wa ni pé kò sí ẹni tí ó mọ èdè ìgboro tí yóò di èdè ilé ẹjọ́ lọ́la. Ní 1710, Jonathan Swift kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Tatler láti fi ẹ̀hónú hàn sí àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ń ba èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lójú tirẹ̀. “Mob” wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni “banter”. Lónìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ “mob”, yóò pàdánù máàkì. Ọ̀rọ̀ tí ó tún sún mọ́ wa jù ni “kidnapper”, tí a ń gbọ́ lórí rédíò wa lemọ́lemọ́. Ọ̀rọ̀ ìgboro ni ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún: “kid” ni ọmọ, “nap” sì ni kí a jí nǹkan gbé. Grose ṣàlàyé pé ẹni tí ń jí ọmọdé tàbí ọmọ iṣẹ́ gbé lọ sí àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní òkèèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, kí ó tó di orúkọ àwọn tí ń fi ẹ̀tàn kó ènìyàn wọ iṣẹ́ ogun. Àlàyé yìí ni a fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, nítorí pé ó sọ ẹni tí a jí, ẹni tí ó jí i, àti ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ó ṣeni láàánú pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yòókù.

Ní ti ìtàn ojoojúmọ́, William Hone ni ọ̀gá wa, a kò sì fi bò. Atẹ̀wétà ni. Ní ọjọ́ 18, 19 àti 20 oṣù December 1817, ìjọba pè é lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ó fi ètò ìsìn ṣe ẹ̀fẹ̀ láti bú àwọn aláṣẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó rojọ́ ara rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ sì dá a láre lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ The Every-Day Book, kì í ṣe kí ó kàn to ọjọ́ ìbí àwọn ọba sílẹ̀ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí i láti ìgbèríko, wọ́n ń ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe ọdún báyìí báyìí ní ìlú tiwọn. Ní oṣù September 1825, ó lọ sí ọjà Bartholomew ní London, ó wọ àgọ́ àwọn eléré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ohun tí ó rí àti iye owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1855 ni ọjà náà parẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, ọ̀dọ̀ Hone ni yóò lọ. Gbèsè sì ni èrè rẹ̀: ní 1826, wọ́n tì í mọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn onígbèsè, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ ìwé náà lọ.

Chambers ní owó, ó sì ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Edinburgh. Ìdìpọ̀ méjì ńlá ni ìwé rẹ̀. Lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ to orúkọ àwọn tí a bí àti àwọn tí ó kú, kí ó tó wá kọ àròkọ lóríṣiríṣi. Àwọn àròkọ náà kún fún ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹni tí ó kà wọ́n tí yóò kábàámọ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ orúkọ òkè yẹn ni ó kó bá wa. Òun ni ó rọrùn láti ṣà kọ, òun náà sì ni àwọn ìwé pélébé àti àwọn tí ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wa ń tẹ̀ lé, tí wọ́n fi àròkọ sílẹ̀.

Ewu tí ó wà nínú ọjọ́ tí a to lásán kò kéré. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ti sọ fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ kan náà ni Shakespeare àti Cervantes ti ilẹ̀ Spain kú, ìyẹn 23 April 1616. Ọjọ́ yìí sì wà lára ìdí tí UNESCO fi mú un ní 1995 láti fi ṣe ọjọ́ ìwé lágbàáyé. Kì í ṣe ọjọ́ kan náà rárá. Spain ti gba kàlẹ́ńdà tuntun láti 1582, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lo ti àtijọ́, ọjọ́ mẹ́wàá sì ni ó wà láàrin méjèèjì. Ọjọ́ tí Shakespeare kú, 3 May ni ní Spain. Cervantes gan-an, 22 April ni ó kú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì tó yí kàlẹ́ńdà padà ni 1752: wọ́n sùn ní Ọjọ́rú, 2 September, wọ́n jí ní Ọjọ́bọ̀, 14 September. Ìtàn tún sọ pé àwọn ará ìlú dá rúgúdù sílẹ̀ pé kí wọ́n dá ọjọ́ mọ́kànlá wọn padà. Àwọn onímọ̀ ìtàn òde òní wá ẹ̀rí rúgúdù náà títí, wọn kò rí i. Ó jọ pé inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí Hogarth yà ní nǹkan bí 1755 ni ó ti wá. Títí di 1752 náà ni ọdún tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ ní 25 March lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni àkọsílẹ̀ ìgbà náà ṣe fi ikú Ọba Charles Kìíní sí 30 January 1648, tí àwa sì ń kọ́ àwọn ọmọ pé 1649 ni. Olùdánwò tí ó bá fún ọmọ ní òdo nítorí 1648, ta ni kò mọ ìtàn nínú àwọn méjèèjì?

Níbi kan, ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìgboro pàdé ara wọn. Ní òru tí ó mọ́ 5 November 1605, wọ́n mú Guy Fawkes lábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London pẹ̀lú àgbá ẹ̀tù 36. Lọ́dọọdún lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń dá iná, tí àwọn ọmọdé sì ń fi àkísà ṣe ère rẹ̀ kiri láti tọrọ owó. Hone kọ nípa àwọn ọmọ wọ̀nyí lábẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fi àwòrán wọn sí i. Nínú ẹnà àwọn olè, bí ìwé Grose ti 1811 ṣe fi hàn, àtùpà tí a lè bò kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má hàn ni “guy”, nítorí irú àtùpà tí wọ́n bá lọ́wọ́ Fawkes. Lẹ́nu àwọn ará ìlú, ère alákìísà náà ni “guy”; ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó di ẹni tí ìmúra rẹ̀ burú; nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, ó di ọkùnrin yòówù. Orúkọ tí àwọn ọmọ wa fi ń kí ara wọn lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ ni. Lórí pátákó wa, a ti kọ 5 November ní ọdún méjèèjì. A ti kọ “guy” náà ní oṣù June. Kò sí ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ nínú wa.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé Henry Mayhew pátápátá, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ àti aláìní London jáde ní 1851. Àwọn tí ń kiri ọjà ní ìgboro ni ó lọ bá, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ wọn àti èrè wọn. Ó ṣàlàyé pé wọ́n máa ń ka ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, kí oníbàárà àti ọlọ́pàá má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Irú ẹnà bẹ́ẹ̀ ni ó sọ “boy” di “yob”. Ẹni tí ó fi ẹnà ṣeré lọ́mọdé nínú wa yóò mọ̀ pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀, àyàfi pé tiwọn kì í ṣe eré.

Ó kù kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní kíláàsì Yorùbá, a ti kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún pípẹ́ pé “ta téru nípàá” túmọ̀ sí “kú”. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń fún wọn ní máàkì. Ní sáà kan, a ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀rẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé ó dun òun púpọ̀ láti gbọ́ pé bàbá ọ̀rẹ́ òun ti ta téru nípàá. A fi bírò pupa fa ìlà sí i, a kọ “aláìmọ̀wàáhù” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kò ṣe ohun kan ju èyí tí a kọ́ ọ lọ. A kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, pé a kì í sọ ọ́ létí ọmọ olóògbé, pé ọba ń wàjà, pé àgbà ń papòdà. Ìtumọ̀ ni a fún un; a kò fún un ní ẹnu tí ó ń sọ ọ́. A ti fún un ní máàkì rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìbéèrè ìdánwò mọ̀ pé ìbéèrè tí ó ní “Kí ni ìtumọ̀ àkànlò èdè wọ̀nyí?” láìsí gbólóhùn, láìsí ẹni tí ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kò tíì kúrò nínú ìwé ìbéèrè wa. Àbá tiwa ni pé kí á máa bèèrè ẹni tí ó lè sọ ọ́, ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún, àti ìgbà tí kò yẹ kí ó sọ ọ́, kí ìtumọ̀ sì gba máàkì tí ó kéré jù nínú rẹ̀.

Pátákó wa ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń kọ ọ́ báyìí, ojú ìwé kan gbáko sì ni fún ọ̀rọ̀ kan. A ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà, a jẹ́ kí ó mọ̀ pé Grose kò dárúkọ opó kankan. A sọ fún un nípa Tyburn àti ṣílè márùn-ún. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bèèrè iye ọmọ tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè ní.